Màmá mi fẹ́ sun ilé àtijọ́ lókè òkun: ibo ni kí n gbé wọn lọ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta?

Abíyamọ Òkè-Fìà
Ọjọ́ Àìkú, 9:12 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Màmá mi yóò pé ẹni 70 ọdún lọ́dún tó ń bọ̀. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìtàn ni wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Kò sí kíláàsì tí wọ́n kọ́ tí wọn ò kó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun. Wọn a tún kó wọn lọ síwájú ilé Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) lọ́nà Ìbòkun, kí àwọn ọmọ lè fojú ara wọn rí bí àwọn Àgùdà, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, ṣe ń kọ́lé láyé ọjọ́un. Nígbà tí a bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fún ayẹyẹ, ọkàn wa ti lọ sọ́dọ̀ olórin àti aṣọ ẹbí. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ gbé mi lọ sun ilé kan tó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi." Wọ́n ti rí àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ààfin àti ilé olódi tí wọ́n sọ di òtẹ́ẹ̀lì. Láti ọjọ́ náà lèmi náà ò ti sinmi.

Àwa tí a máa lọ ni Màmá, èmi, àti àwọn ọmọ mi mẹ́ta: ọ̀kan jẹ́ ọdún 11, ọ̀kan 8, àbíkẹ́yìn jẹ́ 3. Iṣẹ́ ò ní jẹ́ kí bàbá wọn lè tẹ̀ lé wa. Orúnkún òsì Màmá ń dùn wọ́n. Wọ́n lè gun àtẹ̀gùn díẹ̀, àmọ́ bó bá ti di ilé alájà méjì, wàhálà ni. Oru mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn, bóyá nínú ọlidé oṣù kẹjọ, bóyá ní Kérésì. Owó wà níwọ̀nba, tèmi àti ti àwọn àbúrò mi la dà pọ̀.

Ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ gba ọmọdé? Ṣé ó gba àgbà? Ta ló ti gbé ẹbí lọ rí?

Ọmọ Òróki
Ọjọ́ Àìkú, 9:41 alẹ́

Ẹ kú oríire Màmá o, ọdún á yí ire.

Sípéènì ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má ronú jìnnà. Ìjọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ni àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Parador. Wọ́n lé ní 90 káàkiri ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ láti 1928. Ààfin àti ilé olódi ni gbogbo wọn. Èmi àti ìyàwó mi sun oru méjì nínú èyí tó wà ní ọgbà Alhambra, ààfin àtijọ́ àwọn ọba Mùsùlùmí, ní Granada. Tí àwọn èrò ìwòran bá ti lọ tán nírọ̀lẹ́, tí ẹ bá jáde sínú ọgbà, ìró omi nìkan lẹ máa gbọ́. Omijé bọ́ lójú mi. Bí ìyá mi bá wà láyé ni, ibẹ̀ ni ǹ bá gbé wọn lọ.

Tíṣà Àgbà
Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ọmọ Òróki, o ṣeun, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀ kí àbúrò wa má bàa ṣìnà. Kì í ṣe gbogbo Parador ló jẹ́ ààfin. Èyí àkọ́kọ́ gan-an, ti Gredos ní 1928, ilé tuntun ni wọ́n kọ́ sórí òkè. Títí dòní, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ilé ìgbàlódé tó kàn bọ́ síbi tó lẹ́wà. Orúkọ yẹn nìkan ò tó. Ẹ ka ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó, kí Màmá má lọ bá símẹ́ǹtì àná.

Ti Granada tó wí yẹn ní ìtàn lóòótọ́. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin Ọbabìnrin Isabella sí nígbà tó wàjà ní 1504, kí wọ́n tó wá gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn àwọn ọba láàárín ìlú ní 1521. Olùkọ́ ìtàn yóò fẹ́ràn ibẹ̀. Àmọ́ yàrá rẹ̀ kò pọ̀, ó sì wà lára àwọn tó wọ́n jù. Bó bá tún jẹ́ oṣù kẹjọ, ooru Granada a máa kọjá 35 digirí. Mi ò ní gbé àgbà lọ síbẹ̀ nírú àsìkò yẹn.

Tó bá jẹ́ pé oṣù kẹjọ náà ni, ẹ wo ìhà àríwá. Ní Santiago de Compostela, Parador kan wà tí Isabella yìí kan náà àti ọkọ rẹ̀ Ferdinand pàṣẹ ní 1499 pé kí wọ́n kọ́ fún ìtọ́jú àwọn tó fẹsẹ̀ rin ìrìn àjò mímọ́ wá. Àgbàlá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹni tẹ́sẹ̀ ń dùn láti ìgbà yẹn, ẹ wò ó bí Màmá bá sùn níbẹ̀. Ara mi wú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ nínú oṣù keje àti ìkẹjọ o, nítorí ọdún Jákọ́bù Mímọ́ tó máa ń bọ́ sí July 25. Ẹ tètè gba yàrá sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlobùú
Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí, torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹwà.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé ìyá mi àti ọmọ mi méjì lọ sí ilé olódi kan ní Pọtogí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dùn-ún wò bí nǹkan míràn. Nígbà tí a dé, ọkọ̀ já wa sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n ní mọ́tò kì í kọjá ibẹ̀. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, ó rí gbágungbàgun, táyà àpótí wa kan sì já dànù kí a tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi di apá mi mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Yàrá wa wà nínú ilé ìṣọ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín, kò sí ibi tí èèyàn lè dì mú lápá kan. Mo béèrè lífìtì. Wọ́n ní kò sí, pé òfin ò gbà kí wọ́n lu ògiri náà.

Ìyá mi gun un lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sọ̀kalẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Ibi ìwẹ̀ tún wá burú jù: ọpọ́n ìwẹ̀ tí etí rẹ̀ ga dé orúnkún, tó ń yọ̀. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù bà mí. Kàǹkàn ni mo fi ń nu ara wọn bí ẹni pé wọ́ọ̀dù la wà. Ẹbí mi á wo fèrèsé, wọ́n á ní ó mà dára o, ojú á sì máa tì mí.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo àwòrán, ẹ béèrè. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ojú títì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbàlejò? Ṣé lífìtì dé àjà tí yàrá yín wà, àbí àtẹ̀gùn kéékèèké tún kù lẹ́yìn rẹ̀? Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé láti sọ. Ẹ béèrè bóyá ṣáwà tí èèyàn lè rìn wọ̀ ni wọ́n ní àbí ọpọ́n. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò yàrá náà gan-an ránṣẹ́, kì í ṣe ti yàrá tó dára jù nínú ilé. Ẹ kọ ọ́ ní ímeèlì kí ìdáhùn wọn wà lákọsílẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tó bá ń lọ́ra láti dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Aláṣọ Àdìrẹ
Ọjọ́ Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú sí mi o. Ó ń dùn mí pé a fẹ́ kó owó lọ fún àwọn tó ti ń tún ilé bàbá wọn ṣe, nígbà tí tiwa ń wó níṣojú wa. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà mélòó ló kù ní Òṣogbo yìí? Èkó ńkọ́? Ṣebí wọ́n wó Ìlọ́jọ́ Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan, lulẹ̀ lọ́dún 2016, tó sì jẹ́ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ẹ gbé Màmá sí Òṣogbo, kí ẹ fi owó yẹn tún òrùlé ilé bàbá wọn ṣe.

Nọ́ọ̀sì Ìlobùú
Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ó sì dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni Màmá béèrè. Ẹni 70 ọdún tó fi gbogbo ayé rẹ̀ mú ọmọ ọlọ́mọ lọ wo nǹkan àtijọ́, kò pọ̀ jù bí ẹnìkan bá mú òun náà lọ lẹ́ẹ̀kan.

Arìnrìnàjò Ìgbọ̀nà
Ọjọ́ Ajé, 8:18 alẹ́

Ẹ wo Mòrókò. Àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní ríàdì ní Marrakech àti Fez, ẹni tó bá mọ agbo ilé ayé àtijọ́ kò ní ṣàjèjì níbẹ̀. Ògiri lásán lẹ máa rí láti ìta. Tí ẹ bá wọlé tán, àgbàlá ni, ojú ọ̀run wà lókè yín, yàrá yí àgbàlá ká bí akòdì tiwa. Bí ilé bá kéré, tó ní yàrá márùn-ún sí mẹ́fà, ẹbí lè gba gbogbo rẹ̀, kí àwọn ọmọ máa sáré láìsí ẹni tó ń wò wọ́n ní ìwòkuwò. Ẹni tó ń dáná níbẹ̀ á bi yín ní alẹ́ pé kí lẹ fẹ́ jẹ lọ́la. Ìyá mi bá wọn jókòó nílé ìdáná, wọ́n jọ ń bó ẹ̀wà láìgbọ́ èdè ara wọn.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Mọ́tò kì í wọ inú àwọn ọ̀nà tóóró ìlú àtijọ́, ní Fez pàápàá. Ọmọlanke ni wọ́n fi ń kó ẹrù, ẹ̀yin á máa fẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Èkejì ni omi. Ọ̀pọ̀ ríàdì ní adágún ìwẹ̀ kékeré láàárín àgbàlá, láìsí ọgbà yí i ká, ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí èèyàn ti ẹnu ọ̀nà yàrá já sínú rẹ̀. Ẹ ní ọmọ ọdún 3. Mi ò sun oorun kankan títí tí mo fi fi àga dí ilẹ̀kùn wa.

Ìyá Àbíkẹ́yìn
Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́

Ẹ gbà mí o, adágún láìlọ́gbà! Àbúrò, yọ Mòrókò kúrò títí ọmọ yẹn á fi pé ọdún 7.

Arìnrìnàjò Ìgbọ̀nà
Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Mà, kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in. Òmíràn, ìsun omi kékeré tí kò dé kókósẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀, òmíràn ọgbà ọsàn. Kí wọ́n béèrè ni mo ń wí. Àtẹ̀gùn ríàdì náà sì ga, ó há. Yàrá ìsàlẹ̀ ni kí Màmá gbà, kí wọ́n gbàgbé òkè òrùlé tí gbogbo èèyàn ń lọ yàwòrán.

Bàbá Ìbejì
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Gbogbo yín ti ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ físà.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí yàrá kan tó jẹ́ ẹ̀dínwó nínú ààfin kan ní Yúróòpù, wọ́n ní tí mo bá sanwó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà yóò kúrò níbẹ̀. Mo san án. Mi ò ka ìlà tó wà nísàlẹ̀ pé owó yìí kì í padà. Físà ò jáde. Mo kọ̀wé, mo bẹ̀bẹ̀, mo fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́, owó ti lọ. Owó iléèwé sáà kan ló bá a lọ. Títí di báyìí, tí ìyàwó mi bá rántí, wọn a dákẹ́. Nítorí náà, yàrá tí ẹ lè fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ gbà, kódà kó wọ́n díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn tí físà bá dé ni kí ẹ máa ṣọdẹ ẹ̀dínwó.

Tó bá jẹ́ Sípéènì tàbí Pọtogí, físà Schengen ni, físà kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Láti June 2024, 90 yúrò ni fún àgbà, 45 yúrò fún ọmọ ọdún 6 títí dé ẹni tí kò tíì pé 12, ẹni tí kò tíì pé 6 kò san nǹkan kan. Tiyín yóò jẹ́ 180 fún ẹ̀yin àti Màmá, 90 fún àwọn ọmọ méjì, àbíkẹ́yìn lọ́fẹ̀ẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ 270 yúrò, ká tó ka owó iṣẹ́ àwọn tó ń gba ìwé. Bí ẹ bá jẹ́ kí àkọ́bí pé 12 kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, yóò san ti àgbà, wọ́n á sì gba ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ó ra ìnṣọ́ránsì tí kò dín ní 30,000 yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé, ó sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ 15 ó kéré tán sí ìrìn àjò nígbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ ní oṣù kẹjọ, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta.

Bàbá àwọn ọmọ kò tẹ̀ lé yín, ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Wọ́n á kọ lẹ́tà pé àwọn fọwọ́ sí i kí ìyá wọn kó wọn rìnrìn àjò, kí wọ́n sì búra lé e ní kóòtù. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan dání, èyí tó jáde láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn. Ní ti páspọ́ọ̀tù: láti September 2025, 100,000 náírà ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lórí ayélujára fúnra yín, kí ẹ wá lọ ya fọ́tò ní ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de ní Òṣogbo. Ẹ má gbé owó fún ẹni tó dúró lẹ́nu géètì.

Abíyamọ Òkè-Fìà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:35 alẹ́

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ará mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Màmá létí. Nígbà tí mo dé ibi ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn, wọ́n kẹ́dùn fún ìyá Nọ́ọ̀sì. Ti Santiago wù wọ́n gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo ṣírò físà àti bàálù èèyàn márùn-ún, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ṣé ibi tó jẹ́ ilé àtijọ́ wà tí a ò ti ní gba físà?

Ọmọ Òṣogbo ní Dakar
Ọjọ́rú, 12:15 ọ̀sán

Ó wà. Ẹ wá sí Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà. Ọmọ Nàìjíríà kì í gba físà wá síbí nítorí ECOWAS, páspọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín.

Erékùṣù ni ìlú àtijọ́ náà, ó gùn ní bíi kìlómítà méjì, ìbú rẹ̀ ò tó ìdajì kìlómítà. Àwọn Faransé tẹ̀ ẹ́ dó ní 1659. Ibẹ̀ ni olú ìlú títí di 1902 kí wọ́n tó gbé e lọ sí Dakar. Láti 2000 ni UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún ayé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ Igbó Ọ̀ṣun sínú rẹ̀ ní 2005. Ilé àwọn oníṣòwò ayé ọjọ́un ló wà níbẹ̀, ilé alájà kan tó ní àgbàlá láàárín, báńkóònì onígi àti onírin, ògiri aláwọ̀ yẹ́lò àti pupa rẹ́súrẹ́sú. Tí Màmá bá rí i, wọ́n á ní ọ̀nà Ìbòkun ni. Àwọn kan nínú wọn ti di òtẹ́ẹ̀lì. Hôtel de la Poste wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Faidherbe, afárá onírin tí wọ́n ṣí ní 1897. Àwọn awakọ̀ òfuurufú tó ń gbé lẹ́tà máa ń sùn níbẹ̀, títí kan Mermoz tó gbéra ní Saint-Louis ní May 1930 tó fi bàálù la òkun já sí Brazil.

Ilẹ̀ títẹ́jú ni gbogbo erékùṣù náà. Màmá á rìn, tó bá rẹ̀ wọ́n, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wà tó ń gbé àlejò yí ìlú ká. Oúnjẹ ibẹ̀ kò ní ṣe àwọn ọmọ ní kàyéfì: ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n ń pè ní ceebu jën, Saint-Louis gan-an ni wọ́n ní ó ti ṣẹ̀ wá, òun sì ni bàbá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí gbogbo wa ń jà lé lórí. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kùtọnu náà ni wọ́n ń ná.

Bàálù láti Èkó: tí ẹ ò bá rí èyí tó ń lọ tààrà, ẹ ó dúró ní Lomé tàbí Abidjan. Láti Dakar sí Saint-Louis jẹ́ bíi kìlómítà 260, ó fi díẹ̀ ju Òṣogbo sí Èkó lọ. Ẹ má rin ín lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ sun Dakar.

Tíṣà Àgbà
Ọjọ́rú, 3:40 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ yìí dára púpọ̀, àtúnṣe kan ṣoṣo ni mo ní. Olú ìlú gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló kúrò ní Saint-Louis ní 1902. Olú ìlú Sẹ̀nẹ̀gà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di 1957. Màmá yóò béèrè, kí ẹ má bàa fi àṣìṣe dáhùn.

Ohun tí mo tún fẹ́ kí wọ́n mọ̀: ìlú náà ti wà láti 1659, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tó dúró lónìí jẹ́ ti 1800 sókè. Ó ti ṣáájú ìyá ìyá wọn ná, ìyẹn tó. Àmọ́ kì í ṣe Santiago.

Ọmọ Òróki
Ọjọ́rú, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun Tíṣà fún àtúnṣe àkọ́kọ́ yẹn náà, èmi ò mọ̀. Síbẹ̀, èèyàn kì í pé 70 ọdún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá lè fi ọdún kan kó owó sí i, ẹ lọ sí Sípéènì. Ohun tí mo máa fi kún un nìyí: oúnjẹ alẹ́ Parador kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kí aago tó lu 8:30. Ọmọ ọdún 3 á ti sùn. Ẹ ra búrẹ́dì àti èso sí yàrá.

Ìyá Àbíkẹ́yìn
Ọjọ́rú, 9:30 alẹ́

Tèmi ni ti ọmọdé. Nínú ilé àtijọ́ tí a sùn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi yàrá méjì fún wa. Nígbà tí a dé la rí i pé ọ̀kan wà lápá ìlà oòrùn, èkejì wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gbọọrọ wà láàárín. Ilé àtijọ́ kì í ní ilẹ̀kùn tó so yàrá méjì pọ̀ bí ti ìgbàlódé. Ẹ béèrè pé kí ni "yàrá ẹbí" túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn, àti pé títí ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ń fi bẹ́ẹ̀dì kún un. Ẹ tún béèrè bóyá nínú ilé àtijọ́ gan-an ni yàrá yín wà. Àwọn kan ní ilé tuntun lẹ́yìnkùlé, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn ọlọ́mọ sí.

Ògiri wọn nípọn, Wi-Fi kì í dé yàrá. Ọmọ yín ọdún 11 á sunkún. Ẹ gba àwòrán àti eré sílẹ̀ sórí fóònù láti ilé.

Nọ́ọ̀sì Ìlobùú
Ọjọ́bọ̀, 6:15 àárọ̀

Èmi fara mọ́ Saint-Louis, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní oṣù kẹjọ. Òjò ni níbẹ̀ láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá, ooru àti ẹ̀fọn sì ń bá a rìn. Ní Kérésì, ojú ọjọ́ tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ilẹ̀ gbẹ. Síbẹ̀, ẹ mú oògùn ìpara ẹ̀fọn dání, kí ẹ sì béèrè nẹ́ẹ̀tì fún gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Káàdì yẹ́lò: abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí ẹ bá ti gbà lẹ́ẹ̀kan ti tó fún gbogbo ayé, láti 2016 ni òfin náà ti yí padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ Màmá pé tiwọn ti gbó. Fún àwọn ọmọ, ẹ gbà á ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú.

Àti ti orúnkún: ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ ní kí wọ́n gbé wííṣíà wá fún wọn. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ní Dakar
Ọjọ́bọ̀, 8:44 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì sọ òótọ́. Kérésì náà ni ẹyẹ máa ń kún Djoudj, ọgbà ẹyẹ tó wà ní bíi 60 kìlómítà sí Saint-Louis. Ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀, ẹ máa jókòó ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ òfú lórí omi, àwọn ọmọ yín ò ní gbàgbé rẹ̀ láé.

Aláṣọ Àdìrẹ
Ọjọ́bọ̀, 1:20 ọ̀sán

Tó bá jẹ́ Saint-Louis ni, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi bi onílé náà léèrè ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igi báńkóònì kí ikán má jẹ ẹ́. Ilé bàbá mi ní Òkè-Baálẹ̀ ní báńkóònì irú rẹ̀. Mo ń bẹ̀ yín ni.

Abíyamọ Òkè-Fìà
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ, mo ti kọ ìbéèrè yín sínú ìwé. Màmá ní àwọn fúnra wọn ló máa bi wọ́n, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Faransé lórí fóònù àkọ́bí mi.

Kérésì ni, Saint-Louis ni. Àwọn àbúrò mi fara mọ́ ọn, bàbá àwọn ọmọ ti lọ búra sórí lẹ́tà ní kóòtù. Mo kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, gbogbo ìbéèrè Nọ́ọ̀sì àti ti Ìyá Àbíkẹ́yìn ni mo kó sínú rẹ̀. Ọ̀kan ò dáhùn. Ọ̀kan ní yàrá òkè nìkan ló kù. Ẹ̀kẹta fi fídíò ránṣẹ́: ilé oníṣòwò àtijọ́, yàrá méjì tó dojú kọ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá nísàlẹ̀, ṣáwà tí èèyàn lè rìn wọ̀, nẹ́ẹ̀tì lórí gbogbo bẹ́ẹ̀dì, kò sí adágún. Mo lè fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ méje ṣáájú. Wọ́n ní àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà láti ojú títì wọlé.

Mo ka ìyẹn sí Màmá létí. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n ka ti ilé wa. Márùn-ún ni.